Kọ́kọ́ Scarica Ti Àtijọ́

Ùmmùkùlsùmù Sàídù kì í purọ́.

Bí o bá bi í ní ohun tí kò fẹ́ sọ, yóò dákẹ́. Bí ó bá lanu, òótọ́ ni yóò jáde. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Brescia ní ilẹ̀ Italy, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ẹnu ẹ̀rọ omi, ọ̀gá wọn bèèrè ẹni tí ó fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ tí ó ń yí lásán títí ó fi jóná. Òun ni. Ó ní òun ni. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé ná. Àwọn Yorùbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ùmmù olóòótọ́, máa lọ jẹ òótọ́ rẹ nílé." Ó lọ jókòó sílé. Níbi tí ó jókòó sí ni ó ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà. Ó kà á parí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ga, ohùn rẹ̀ kò ga. Yunus Ògúnbíyìí fẹ́ ẹ ní Brescia, ó mú un wá sí Torino, wọ́n bí Azizah.

Yunus ní ṣọ́ọ̀bù ní Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Torino. Ó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sílé: dúrọ́ọ̀mù, fìríìjì, mátíráàsì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. A ń kó wọn jọ sí ọgbà kan lẹ́yìn Asti, a ń dì wọ́n sínú kọ̀nténà, ọkọ̀ ń gbé kọ̀nténà lọ sí èbúté Genova, ó di Èkó. Mo ní "a" nítorí pé èmi náà wà níbẹ̀. Simeon ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Scarico ni gbogbo Barriera ń pè mí. Scarica ni àwọn ará ibí ń pe kí a já ẹrù. Ẹrù jíjá ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé.

Kí Ùmmù tó dé, orí ni Yunus fi ń mọ ẹni tí ó ni ẹrù. Orí rẹ̀ kì í gbé gbogbo rẹ̀. Ìjà kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ùmmù lọ wá kọ̀ǹpútà kan tí ọ́fíìsì kan fẹ́ sọ nù. Ó nù ún, ó gbé e sábẹ́ káńtà, ó fi détábéèsì sínú rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà sí. Nọ́ńbà nìkan ni a ń kùn sára dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ ló mọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà, ẹni tí yóò gbà á nílé, fóònù rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó ni ẹrù pàápàá kì í mọ nọ́ńbà rẹ̀ títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi fẹ́ gúnlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ yóò fi ránṣẹ́ sí i. A ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ti fi nọ́ńbà ẹlòmíràn gba fìríìjì rí ní Apapa.

Àwọn kan ní kí ó gbé détábéèsì náà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ń bá èèyàn tọ́jú nǹkan báyìí. Ó kọ̀. Ó ní, "Ohun tí mo bá lè fọwọ́ kàn ni mo ni."

Mo bi í ní ọjọ́ kan bí nǹkan náà ti rí.

"Kọ̀nténà ni, Bàbá."

"Kọ̀nténà? Nínú àpótí yìí?"

"Kì í ṣe onírin. Ẹ wò ó bí ọ́fíìsì tí akọ̀wé kan jókòó sí. Ẹrù ò sí lọ́wọ́ akọ̀wé. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Ẹ lè lé akọ̀wé lọ, kí ẹ gbé ọ́fíìsì rẹ̀ dànù, yàrá ẹ̀yìn ò ní mì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Gbogbo akọ̀wé ló ní bó ṣe ń to ẹrù. Akọ̀wé nọ́ńbà kẹtàlá ló jókòó síbẹ̀ báyìí. Bó bá dọjọ́ kan tí a gbé nọ́ńbà kẹtàdínlógún wá, tó ṣí yàrá ẹ̀yìn, tó rí bí ti àtijọ́ ṣe tò ó, kò ní wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí."

"Kí la ó wá ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ká scarica ni. Ti àtijọ́ yóò kó gbogbo ẹrù jáde síta gbangba, lẹ́yọ lẹ́yọ, kò ní ṣẹ́ ìkankan kù. Lẹ́yìn náà ni tuntun yóò wá gbé e wọlé, tí yóò tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n tò."

Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ mi gan-an ni. A kì í ti ẹrù láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn láì gbé e kalẹ̀ kí a wò ó.

Ní ìgbà náà, Bàbá Azizah ni Ùmmù ń pe Yunus. "Ẹ" ni ó ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí obìnrin ilé wa. "Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?" Yunus ń pè é ní Ùmmù.

Nígbà tí ó yá, Yunus rí Fathiyyah ní Padova. Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa: ìyàwó kejì kọ́ ni ó bí Ùmmù nínú. Ilé olóbìnrin mẹ́ta ni wọ́n ti bí i. Ọ̀rọ̀ ni ó bí i nínú.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ṣọ́ọ̀bù kún. Yunus ń bá ọkùnrin tí ó yá wa ní ọgbà Asti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ti ṣí fóònù náà kí gbogbo èèyàn máa gbọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń so okùn. Ọkùnrin náà bi í pé, ìyàwó rẹ ńkọ́? Yunus ní, "Quella? L'ho scaricata."

Ó ní òun ti já a sílẹ̀. Àwọn ará ibí ń lo scarica fún obìnrin pẹ̀lú. Ẹni tí ọkọ já sílẹ̀ bí ẹni já ẹrù. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin orí fóònù rẹ́rìn-ín.

Ùmmù dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ oúnjẹ Yunus lọ́wọ́, Azizah sì di ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti já a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́.

Azizah ní, "Mamma, papà ti ha scaricata?"

Ẹ̀rín dá. Ùmmù wo Yunus. "Bàbá Azizah, ọmọ yín ń bèèrè ọ̀rọ̀."

Yunus ní, "Dá a lóhùn. Ṣebí ìwọ lo kì í purọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti já mi sílẹ̀." Ó gbé abọ́ náà sórí káńtà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Yunus jẹ oúnjẹ náà.

Lẹ́yìn náà, Ùmmù mú Alhaji Sùlèímọ̀n wá. Òun ni àgbà àwọn Mùsùlùmí wa ní Torino. Ùmmù ní òun kò wá nítorí ìgbéyàwó, nítorí ẹ̀rọ òun tí ó wà lábẹ́ káńtà ni. Òun ni òun gbé e wá, òun ni òun ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Yunus na ọwọ́ sókè. "Alhaji, irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kàn ń bá mi tẹ orúkọ sí i ni."

Alhaji wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mọ nǹkan nípa kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù.

Mo ń wo Ùmmù. Ó wo Yunus bí èmi ti ń wo ẹrù tí ó wúwo ju bí wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára lọ. Wọ́n ti já a sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá pè é ní òpùrọ́. Ó ní, "Ó dáa, Alhaji. Òun ló ṣe é. Ohun tó sọ nìyẹn, ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ọ."

Ó rí iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ obìnrin kan tí ń jẹ́ Giulia, ní Corso Giulio Cesare. Mo máa ń yà kí i bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú tram. Ní ọjọ́ kan tí ó ń ká aṣọ àwọn ará ọsibítù, mo bi í bóyá ó ti gbà fún Ọlọ́run.

"Rárá, Bàbá. Mo ń dúró ni."

"Kí lo ń dúró dè?"

"Nọ́ńbà kẹtàlá. Ó ti ń darúgbó. Àwọn tó ṣe é ti kéde pé àwọn ò ní tún un ṣe mọ́. Ọjọ́ ń bọ̀ tí Yunus yóò ní láti pààrọ̀ rẹ̀."

"Yóò wá bẹ̀ ọ́ nígbà náà."

"Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ mí." Ó ká aṣọ mìíràn. "Mo fẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀."

Ọjọ́ náà dé. Àwọn aṣojú tí ń bá wa gba ẹrù ní èbúté yí ẹ̀rọ tiwọn padà, tiwa kò gbọ́ èdè tiwọn mọ́. Kọ̀nténà wa ti kúrò ní Genova nígbà náà, ó wà lójú omi. Bí ó bá dé Apapa tí ẹ̀rọ wa kò lè sọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ nínú oòrùn, ẹni tí ó bá lágbára ni yóò gbé e. Yunus pè mí sẹ́yìn fìríìjì. Kò fẹ́ kí Fathiyyah gbọ́.

"Bàbá Scarico, ẹ bá mi bi obìnrin yẹn. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín o."

Mo sọ fún Ùmmù pé Yunus ni ó rán mi. Ó ní òun mọ̀. Ó nu ọwọ́, ó ní kí n gbé fóònù mi wá, ó sì sọ̀rọ̀ sínú Wáàsáàpù. Ohun tí ó sọ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀:

"Yunus, kọ́kọ́ scarica ti àtijọ́. Scarica gbogbo ẹ̀ pátápátá, má ṣẹ́ ohunkóhun kù. Ìgbà tó o bá ṣe ìyẹn tán ni kó o gbé tuntun wọlé."

Mo ní, "Ṣé kí n ṣàlàyé fún un, bí o ti ṣàlàyé fún mi?"

"Ẹ bá mi gbé e fún un bó ṣe wà, Bàbá."

"Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ṣe é wí."

Ẹrù tí wọ́n bá gbé lé mi lọ́wọ́, n kì í tú u wò lójú ọ̀nà. Mo gbé e fún Yunus.

Ó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó tún un gbọ́. "Ẹ gbọ́ ọ? 'Kó o gbé tuntun'! 'Tó o bá ṣe tán'! Èmi ni Ùmmù ń pè ní 'o'? Èmi Yunus?" Ó tún un gbọ́ nígbà kẹta, ó jẹ́ kí Fathiyyah gbọ́ ọ, ó jẹ́ kí oníbàárà kan tí ó wá wọn mátíráàsì gbọ́ ọ. "Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí mi!" "O" yẹn nìkan ni ó gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Fathiyyah ni ó ronú kan ọ̀rọ̀ yòókù. Ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, n kò ka ẹ̀sùn kankan sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pè ní scarica níbí? Ṣé kí a pè é ká bi í?"

"Kí n pe ẹni tó ń pè mí ní 'o'? Scarica tí ọmọ kékeré mọ̀?"

Sátidé ni ó ṣe é. Mo jókòó lórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ káńtà, mo rí i. Ó ṣí fáìlì kékeré kan, ó pa mẹ́tàlá rẹ́, ó kọ mẹ́tàdínlógún. Kò kọ́kọ́ kó nǹkan kan jáde. Tuntun dìde, ó ṣubú. Ó tún dìde, ó tún ṣubú. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pupa jáde. Fathiyyah kà á.

"Ó ní nọ́ńbà kẹtàlá ló to ohun tó wà nínú yàrá, òun ò lè bá a lò ó."

Yunus lu káńtà. "Ṣó o rí i? Ti àtijọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́! Ohun tí Ùmmù sọ náà nìyẹn. Kọ́kọ́ scarica ti àtijọ́, má ṣẹ́ ohunkóhun kù." Ó wá yàrá ẹ̀yìn náà lọ nínú ẹ̀rọ, ó pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Tuntun dìde lójú ẹsẹ̀. Kò ṣubú mọ́. Yunus pàtẹ́wọ́. Ó ṣí Malta fún gbogbo wa, ó ní kí Fathiyyah ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láìsí Ùmmù ṣọ́ọ̀bù ò ní rìn, ẹ wá wò ó."

Oníbàárà mátíráàsì tún wà níbẹ̀, ó ní kí ó bá òun wo dúrọ́ọ̀mù òun tí ó wà lójú omi. Yunus tẹ orúkọ rẹ̀. Kò sí. Ó tẹ orúkọ mìíràn. Kò sí. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀.

Fathiyyah gbé Malta rẹ̀ kalẹ̀. "Àwọn èèyàn dà?"

Yunus tún ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ tàn ká Barriera. Wọ́n wá láti Asti, wọ́n wá láti Brescia. Olúfúnkẹ́ ni ó ṣe mí láàánú jù. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó Italy nílé wọn. Ìyá kan kú lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá náà fún un ní bẹ́ẹ̀dì oníná tí ń gbé orí aláìsàn sókè. Ó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi ni mo bá a fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, tí mo fi okùn dì í. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Kì í pariwo. Ó kàn máa ń dúró síbẹ̀ pé, "Wọ́n ti rí i?" Ojú rẹ̀ ti wọnú lọ nítorí àìsùn.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, Alhaji Sùlèímọ̀n pe gbogbo wa jọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àsàrì. Ó ránṣẹ́ sí Ùmmù. Ó wá. Ó gbé báàgì kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kọ́ èjìká, Azizah tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaji, ó kí mi, ó jókòó. Kò kí Yunus.

Yunus dìde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Òun nìyí! Òun ló ní kí n dà á nù!"

Alhaji ní, "Jókòó, Yunus. Ùmmùkùlsùmù, ṣé ìwọ lo ní kó dà á nù?"

"Rárá, Alhaji. Mo ní kó scarica rẹ̀."

"Ẹ gbọ́! Ó ti jẹ́wọ́!"

Alhaji ní kí n gbé fóònù mi jáde. Gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀. Alhaji fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Scarico, iṣẹ́ yín ni. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo ní ìtumọ̀ méjì ni mo mọ̀. Ìkíní, kí a gbé ẹrù jáde ní pípé kí a lè gbé e sínú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lò ó fún ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Èkejì, kí a já nǹkan sílẹ̀ kí a máa lọ. Wọ́n ń lò ó fún obìnrin.

"Ùmmùkùlsùmù, èwo lo ní lọ́kàn?"

"Ìkíní, Alhaji."

Alhaji mí kanlẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sí ibi àṣìgbọ́, kí ó dá a sílẹ̀, kí gbogbo wa gba ilé lọ. Ó ti na ọwọ́. Olúfúnkẹ́ ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ojú Ùmmù.

"Ìyá Azizah," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé èkejì ló máa gbọ́?"

Gbogbo wa yíjú sí Ùmmù. Bí ó bá dákẹ́, kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì rọlẹ̀. Mo rò pé yóò dákẹ́. Azizah gbójú sókè wò ó.

"Mo mọ̀," ni Ùmmù wí.

Ariwo ta. Àwọn kan ń pe Ọlọ́run, àwọn kan ń pè é ní ìkà. Yunus ń lu àyà, ó ń sọ pé, "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ṣẹ́ ẹ rí i?" Alhaji lu káńtà títí wọ́n fi dákẹ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Òun ló kọ́ mi. Níwájú ọmọ mi, níbi tí ẹ jókòó sí yìí, ó sọ ohun tí scarica jẹ́ lẹ́nu tirẹ̀. Mo bá a sọ èdè rẹ̀ ni."

"Òótọ́ tí a fi ṣe ìkà, Ùmmùkùlsùmù, ṣé òótọ́ ni?"

Ó ronú. Kì í dá àgbà lóhùn láì ronú. "Òótọ́ ni, Alhaji. Ìkà náà sì ni."

Olúfúnkẹ́ ti ń sunkún. "Bẹ́ẹ̀dì bàbá mi! Kí ni bàbá mi ṣe fún yín?"

"Kò sọnù."

"Kí lẹ wí?"

"Kò fìgbà kankan sọnù." Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan. "Láti ìgbà tí mo ti ṣe ẹ̀rọ yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń scarica ara rẹ̀, tó ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ síbí. Kò sí ẹni tó ní kó dá a dúró. Yunus ti sọ fún Alhaji pé òun ló ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé ẹni tó kọ́ ilé yóò mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaji wo Yunus. Yunus wo ilẹ̀.

"Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló wà lọ́dọ̀ tèmi náà," ni Ùmmù wí. "Mo ti kó gbogbo rẹ̀ wọlé, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn aṣojú èbúté ti gbọ́ èdè rẹ̀." Ó tẹ nǹkan kan.

Fóònù dún nínú àpò ẹnì kan. Òmíràn dún. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé ń dún, lábẹ́ agbádá, nínú báàgì, nínú àpò sòkòtò. Tèmi náà dún. Olúfúnkẹ́ ka tirẹ̀ síta: nọ́ńbà ẹrù rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, Òṣogbo, àti nísàlẹ̀ pé, ẹni tí ó bá tún ní ẹrù láti fi ránṣẹ́, kí ó gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ Giulia, kí ó bèèrè Ùmmùkùlsùmù Sàídù.

Yunus yọ fóònù tirẹ̀. Ó wò ó. Ó gbọ̀n ọ́n. Kò dún.

Àwọn èèyàn ti ń dìde lọ sọ́dọ̀ Ùmmù, wọ́n ń bi í ní ọjọ́ tí ó ń ṣí. Fathiyyah bọ́ síta láti lọ fẹ́ atẹ́gùn. Yunus rọra kọjá láàárín wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ síwájú obìnrin náà níbi tí gbogbo ojú ti ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Azizah. Ẹ fún mi ní tèmi nínú ohun tẹ́ ẹ kó pamọ́. Ẹ dákun."

N kò gbọ́ kí ó pè é ní "ẹ" rí. Ùmmù náà gbọ́ ọ.

"Tìrẹ wà lábẹ́ káńtà," ni ó wí. "Tuntun ni. Àtijọ́ kankan ò sí nínú rẹ̀."

Alhaji ní, "Ùmmùkùlsùmù, dárí jì í."

"Bó bá yá, Alhaji. Kò tíì yá."

Olúfúnkẹ́ nìkan ni kò tíì kúrò lójú kan. Ó ti nu ojú rẹ̀. "Inú mi dùn pé ẹ rí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbogbo òru tí mi ò fojú kan oorun, Ìyá Azizah, ẹ̀yin náà lẹ ni ín. Ẹ mọ ibi tó wà, ẹ ò pè mí."

Ùmmù wò ó. Ohun tí Yunus kò lè ṣe fún ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ṣe é: ojú náà wolẹ̀. Ó lè sọ pé òun fẹ́ kí gbogbo èèyàn péjọ ni. Kò sọ ọ́.

"Èmi ni mo ni ín," ó ní. "Ọrùn mi ló wà."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Azizah, jẹ́ ká lọ."

"Arrivo, mamma. Mò ń bọ̀."

Ùmmù dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kọjá lára Yunus tí ó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jáde.